Olùkọ́ Méjì ní Àríwá Áfíríkà: Ìgbàgbọ́ àti Àjọṣe Àwọn Onígbàgbọ́ Àkọ́kọ́ Lábẹ́ Inúnibíni

Ìfáárà

Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 303, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wọ ilé tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń pàdé ní ìlú Cirta. Ìlú yìí ni wọ́n ń pè ní Constantine lónìí, ní orílẹ̀-èdè Àlùjéríà. Akọ̀wé kan tẹ̀ lé wọn, ó sì ń kọ gbogbo ohun tí wọ́n kó jáde sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àkọsílẹ̀ náà kò parun. Ife wúrà méjì wà níbẹ̀, ife fàdákà mẹ́fà, àtùpà fàdákà méje, àtùpà idẹ 11 pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń gbé wọn kọ́. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni aṣọ àti bàtà: ẹ̀wù obìnrin 82, ìborí obìnrin 38, ẹ̀wù ọkùnrin 16, bàtà ọkùnrin 13, bàtà obìnrin 47, àti àwọ̀lékè 19 irú èyí tí àwọn ará oko ń wọ̀.

Kí ni ilé ìsìn ń fi bàtà obìnrin 47 ṣe? Àlàyé tó bọ́gbọ́n mu jù lọ ni pé ẹrù ìtọ́jú àwọn tálákà ni, pàápàá jù lọ àwọn opó, tí ìjọ kó pamọ́ de ọjọ́ tí wọn yóò pín in. Ìwé ni ìjọba wá lọ, bàtà opó ni wọ́n bá.

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ ohun tó mọ̀ nípa inúnibíni tó dé bá àwọn onígbàgbọ́ àkọ́kọ́, orúkọ àwọn ọba ni yóò kọ́kọ́ kà: Nero, Decius, Diocletian. Lẹ́yìn náà ni yóò dárúkọ kìnnìún. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé ta ló ń gbé oúnjẹ lọ fún àwọn tó wà lẹ́wọ̀n, tàbí kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ẹ̀rù bà tó sì sẹ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò wọhò. A kò lè dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi. Àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ni a ń ṣe ìbéèrè ìdánwò, orúkọ ọba àti ọdún ni a sì máa ń béèrè.

Nínú iṣẹ́ yìí, a ṣe àgbéyẹ̀wò ìgbé ayé àwọn onígbàgbọ́ Àríwá Áfíríkà láàárín ọdún 180 sí 320 nípasẹ̀ olùkọ́ méjì. Saturus ni orúkọ ẹni àkọ́kọ́, Carthage ló ń gbé, ọdún 203 ló kú. Ẹnì kejì ń jẹ́ Victor, òun ni olùkọ́ èdè ní Cirta ní ọdún 303. Saturus fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba, Victor fi ìwé sílẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ìjọ yìí kò dúró lórí ìgboyà àwọn tó kú nìkan. Iṣẹ́ àpapọ̀ ló gbé e ró: oúnjẹ, owó, aṣọ, ìsìnkú. Ibi tí iṣẹ́ àpapọ̀ náà sì ti le jù ni ọ̀rọ̀ àwọn tí kò lè kú, àwọn tó yẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò, tí wọ́n tún ń gbé ládùúgbò kan náà pẹ̀lú àwọn tí kò yẹ̀.

Ipò wọn lábẹ́ òfin Róòmù

A kò ní pẹ́ níbí, nítorí pé ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ pọ̀. Kókó ibẹ̀ ni pé inúnibíni kì í ṣe ojoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà. Ní nǹkan bí ọdún 112, Pliny tó jẹ́ gómìnà Bithynia, ní apá àríwá ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, kọ̀wé sí ọba Trajan pé kí ni kí òun ṣe sí àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n ń mú wá síwájú òun. Ó ti dá àwọn ẹrúbìnrin méjì lóró, àwọn tí ìjọ fi ṣe ìránṣẹ́, kò sì rí ẹ̀sùn gidi kan gbá mú. Ọba dáhùn pé kí ó má wá wọn kiri. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi wọ́n sùn tí wọn kò sì yí padà, kí ó jẹ wọ́n níyà. Ẹni tó bá bọ òrìṣà Róòmù, kí ó dá a sílẹ̀.

Ìdáhùn yìí fi ẹ̀mí àwọn onígbàgbọ́ sí ẹnu aládùúgbò wọn. Bí àlàáfíà bá wà láàárín ẹ̀yin àti aládùúgbò, ẹ ó sùn, ẹ ó jí. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, tàbí bí ìjà ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹnìkan lè rántí pé ẹ kì í wá síbi ọdún ìlú.

Ní Áfíríkà, àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tí a ní nípa àwọn onígbàgbọ́ jẹ́ ti ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 180. Ọkùnrin méje àti obìnrin márùn-ún láti ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Scillium dúró níwájú gómìnà Saturninus ní Carthage. Nartzalus wà lára wọn, orúkọ tó jẹ́ ti ọmọ onílẹ̀, kì í ṣe ti Róòmù. Speratus tó jẹ́ agbẹnusọ wọn gbé àpótí kan dání. Gómìnà bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀, ó ní ìwé ni, àti àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù. Gómìnà fún wọn ní 30 ọjọ́ láti ro ọ̀rọ̀ náà dáadáa, wọ́n ní àwọn kò nílò rẹ̀. Wọ́n pa wọ́n lọ́jọ́ náà gan-an. Kí ẹ jọ̀wọ́ fi ọkàn sí àpótí ìwé yẹn, a óò padà sórí ọ̀rọ̀ ìwé.

Àpótí owó àti ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n

Ní nǹkan bí ọdún 197, Tertullian, ọmọ Carthage tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, tó sì fẹ́ràn àríyànjiyàn, kọ̀wé láti gbèjà àwọn onígbàgbọ́. Ó ṣàlàyé pé wọ́n ní àpótí owó kan. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ẹni tó bá fẹ́, tó sì ní agbára rẹ̀, á fi owó sínú rẹ̀. Wọn kì í fi ipá gbà á. Ohun tí wọ́n ń fi owó náà ṣe ni kí wọ́n fi bọ́ tálákà, kí wọ́n fi sin òkú wọn, kí wọ́n fi tọ́jú ọmọ aláìlóbìí, àwọn ẹrú tó ti darúgbó, àwọn tí ọkọ̀ wọn rì lójú òkun, àti àwọn tí ìjọba rán lọ sí ibi ìwakùsà, tí wọ́n lé lọ sí erékùṣù, tàbí tí wọ́n tì mọ́lé nítorí ìgbàgbọ́. Ẹni tó bá ti ṣe ẹgbẹ́ rí, tó mọ bí wọ́n ti ń dá owó oṣooṣù, kò ní ṣàìmọ irú nǹkan tí Tertullian ń sọ. Ẹgbẹ́ ìsìnkú wà láàárín àwọn ará Róòmù náà, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu. Tertullian fi wọ́n ṣẹ̀sín díẹ̀, pé owó tiwọn kì í lọ sí ìdí ọtí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n gba àlàyé. Ẹ̀wọ̀n Róòmù jẹ́ ibi tí wọ́n ń fi ènìyàn pamọ́ sí de ìdájọ́. Ẹni tí kò ní ará níta, ebi ni yóò pa á. Nítorí náà, ẹni tó bá gbé oúnjẹ lọ fi ara rẹ̀ hàn pé ojúlùmọ̀ ẹlẹ́wọ̀n lòun. Òun náà lè wọlé kó má jáde mọ́. Síbẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ ń lọ débi pé ìwà yìí di ohun tí àwọn ẹlòmíràn fi ń dá wọn mọ̀. Lucian, apanilẹ́rìn-ín tó kọ̀wé ní ọ̀rúndún kejì, fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìtàn Peregrinus, ọkùnrin kan tí wọ́n tì mọ́lé. Ó ní láti àárọ̀ kùtùkùtù ni àwọn opó àgbàlagbà àti ọmọ aláìlóbìí ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀wọ̀n. Àwọn àgbà ìjọ fún ẹ̀ṣọ́ lówó kí wọ́n lè sùn ti ẹlẹ́wọ̀n náà. Oúnjẹ oríṣiríṣi ń wọlé. Àwọn ìlú mìíràn ní Éṣíà rán ènìyàn wá. Lójú Lucian, òmùgọ̀ ni wọ́n, oníjìbìtì ló sì ń jẹ wọ́n mọ́lẹ̀. Àwa rò pé ẹ̀rí ẹni tó ń fi ènìyàn ṣẹ̀sín wúlò níbí ju ẹ̀rí ọ̀rẹ́ lọ.

Àṣejù sì wà níbẹ̀. Tertullian fúnra rẹ̀ fi ìbínú ráhùn nígbà tó yá pé ìjọ bọ́ ẹlẹ́wọ̀n kan ní àbọ́jù, wọ́n fún un lọ́tí débi pé kò lè sọ ọ̀rọ̀ tó yéni nígbà tó dé iwájú adájọ́.

Saturus àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀

Ní ọdún 203, wọ́n mú àwọn ọ̀dọ́ kan ní agbègbè Carthage. Gbogbo wọn ṣì wà ní kíláàsì ìrìbọmi. Revocatus àti Felicitas jẹ́ ẹrú. Saturninus àti Secundulus wà níbẹ̀. Vibia Perpetua náà sì wà níbẹ̀, ọmọ ilé ọlá, ẹni nǹkan bí ọdún 22, tó kàwé dáadáa, tó ní ọmọkùnrin lọ́mú. Olùkọ́ wọn, Saturus, kò sí nílé nígbà tí wọ́n mú wọn. Kò sẹ́ni tó ń wá a. Ó lè jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́, ó lọ fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún ìjọba kó lè wà pẹ̀lú àwọn tó kọ́.

Ohun tó mú ìtàn yìí yàtọ̀ ni pé Perpetua fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó rí lẹ́wọ̀n. Ó wà lára àwọn ìwé àkọ́kọ́ tí obìnrin onígbàgbọ́ kọ tó ṣì wà lọ́wọ́ wa. Saturus náà kọ ìran kan tó rí, ẹlòmíràn sì kọ ìtàn ikú wọn parí rẹ̀. Ohun tí Perpetua kọ kì í ṣe ìwàásù. Ó kọ pé òkùnkùn ibẹ̀ bà á lẹ́rù, pé ooru mú nítorí èrò, pé àwọn sójà ń fi ìhàlẹ̀ gba owó lọ́wọ́ wọn, àti pé ọkàn òun ń gbóná nítorí ọmọ òun. Ebi ń pa ọmọ náà. Díákónì méjì, Tertius àti Pomponius, san owó fún àwọn ẹ̀ṣọ́ kí wọ́n lè mú wọn lọ síbi tó sàn fún wákàtí díẹ̀. Níbẹ̀ ló ti fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú. Nígbà tó yá, wọ́n gbà kí ọmọ náà wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ara sì tù ú.

Owó wo ni àwọn díákónì yìí san? Ó ṣòro láti má ronú kan àpótí tí Tertullian sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìlú kan náà, ní ọdún díẹ̀ ṣáájú. Rìbá ni owó náà, ká má tàn ara wa. A ti rí olùkọ́ ẹ̀sìn tó fo ibẹ̀ kọjá nígbà tó ń kọ́ ọmọ níwèé. Ó sàn kí a dúró síbẹ̀, kí a jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ jiyàn lé e lórí.

Bàbá Perpetua wá bẹ̀ ẹ́ léraléra. Bàbá yìí kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ tó bí, ó fi ewú orí rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ní kó ro ti ìyá rẹ̀, kó ro ti ọmọ rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀ ẹ́ níwájú Hilarianus tó ń ṣe ìdájọ́, wọ́n ní kí wọ́n na bàbá náà ní ọ̀pá. Perpetua kọ ọ́ pé ó dun òun bí ẹni pé òun ni wọ́n nà. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ já okùn ilé bàbá rẹ̀, kò sì díbọ́n pé kò dun òun. Ohun tó rí dípò rẹ̀ ni àwùjọ tí ẹrú àti ọmọ olówó ti jọ ń jẹun nínú àwo kan náà.

Oyún oṣù mẹ́jọ ló wà nínú Felicitas. Òfin kò gbà kí wọ́n pa aláboyún, ẹ̀rù sì ń bà á pé wọn yóò sọ òun nìkan sẹ́yìn, kí wọ́n wá pa òun láàárín àwọn ọ̀daràn lọ́jọ́ mìíràn. Gbogbo wọn gbàdúrà pọ̀, ìrọbí sì mú un. Ọmọbìnrin ló bí. Ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin gba ọmọ náà, ó sì tọ́ ọ bí ọmọ tirẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni ìwé náà fi sọ èyí, kò sì dárúkọ obìnrin náà. A rò pé kò sí ènìyàn tí a ìbá fẹ́ mọ̀ nínú gbogbo ìtàn náà tó o.

Secundulus kú sẹ́wọ̀n. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta, níbi eré ọjọ́ ìbí Geta ọmọ ọba, wọ́n kó àwọn tó kù jáde sí pápá ìran. Àmọ̀tẹ́kùn bu Saturus jẹ. Kó tó kú, ó bọ́ òrùka lọ́wọ́ Pudens, sójà tó ń ṣọ́ ẹ̀wọ̀n, ó rì í bọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì dá a padà fún un. Pudens yìí ti ń ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó ń wá kí wọn, òun náà sì ti gba ìgbàgbọ́. Bí olùkọ́ ni Saturus ṣe kú, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nínú ìran tó rí, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí. Ó rí ara rẹ̀ àti Perpetua lọ́run. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n rí Optatus tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù àti Aspasius tó jẹ́ àlùfáà àti olùkọ́, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n wólẹ̀ bẹ àwọn ajẹ́rìíkú pé kí wọ́n parí ìjà àwọn. Áńgẹ́lì bá bíṣọ́ọ̀bù wí pé kó tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ́nà, pé wọ́n ń pàdé lọ́dọ̀ rẹ̀ bí àwọn tó ń ti ibi eré ẹṣin bọ̀, tí wọ́n ń jà lórí ẹni tó borí. Ìjà wà nínú ìjọ ní ọdún 203, nígbà tí ìjọba ń pa wọ́n. Ẹni tó ń lọ kú ni wọ́n fi ṣe onílàjà.

Ìwé ẹ̀rí ọdún 250

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lábẹ́ Decius yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Ọba yìí pàṣẹ pé kí gbogbo ará ilẹ̀ ọba Róòmù rúbọ sí àwọn òrìṣà, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti ṣe é. Àwọn onímọ̀ ti rí ju 40 lọ nínú ìwé ẹ̀rí yìí ní Íjíbítì, ọ̀pọ̀ wọn láti abúlé Theadelphia ní Fayum, tí wọ́n kọ ní oṣù Kẹfà àti oṣù Keje ọdún 250. Ẹni náà á kọ orúkọ rẹ̀ àti ti bàbá rẹ̀, á ní òun ti ń rúbọ láti ìgbà pípẹ́, òun sì tún ti rú u níwájú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, òun ti da ọtí sílẹ̀, òun ti tọ́ ẹbọ wò. Àwọn òṣìṣẹ́ á buwọ́ lù ú. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ti ń to lọ́fíìsì láti gba ìwé yóò rí ojú ọjọ́ náà kedere.

Ní Carthage, ọ̀pọ̀ ló yẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù wọn, Cyprian, kọ ọ́ pé àwọn kan sáré lọ sí ọjà ìlú kí ẹnikẹ́ni tó pè wọ́n. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú tí àwọn òṣìṣẹ́ ní kí wọ́n padà wá lọ́la, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn lónìí. Àwọn kan rúbọ. Àwọn kan sun tùràrí nìkan. Àwọn mìíràn sì fi owó ra ìwé ẹ̀rí láìrú ẹbọ kankan, wọ́n rò pé ọgbọ́n làwọn ta. Cyprian fúnra rẹ̀ sá pamọ́. Láti ibi tó wà ló ti ń kọ lẹ́tà pé kí wọ́n má jẹ́ kí tálákà àti ẹlẹ́wọ̀n ṣàìní, pé kí wọ́n má ṣe rọ́ lọ sí ẹ̀wọ̀n lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n máa pín ara wọn lọ́gbọọgbọ́n, kí ẹ̀ṣọ́ má bàa fura. Àwọn kan kò dárí sísá náà jì í bọ̀rọ̀.

Nígbà tí ìjì náà rọlẹ̀, àwọn tó yẹ̀ fẹ́ padà wálé. Kí ni kí a ṣe fún wọn? Àwọn tó jìyà lẹ́wọ̀n tí wọn kò kú ń fún wọn ní lẹ́tà àlàáfíà, ìgbà mìíràn fún ẹnìkan pẹ̀lú gbogbo ará ilé rẹ̀. Ní Róòmù, Novatian ní kò sí ọ̀nà àbọ̀ fún wọn láyé. Cyprian àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà ṣe ìpàdé ní ọdún 251, wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n gba ẹni tó ra ìwé ẹ̀rí padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò, kí ẹni tó rúbọ sì máa ṣe ìrònúpìwàdà fún ìgbà pípẹ́.

Lẹ́tà kan wà láàárín àwọn lẹ́tà Cyprian tí a fẹ́ kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Celerinus ló kọ ọ́ láti Róòmù sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lẹ́wọ̀n ní Carthage. Arábìnrin méjì, Numeria àti Candida, ló ń bẹ̀bẹ̀ fún. Wọ́n ti yẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn san owó kí ó má bàa rúbọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ sí èbúté ọkọ̀ láti pàdé àwọn tó sá wá láti Carthage, wọ́n mú wọn wọ ìgboro, wọ́n sì ń tọ́jú ènìyàn 65. Ìjọ kò tíì dárí jì wọ́n. Wọn kò dúró de ìdáríjì kí wọ́n tó máa se oúnjẹ.

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àjàkálẹ̀ àrùn jà ní Carthage, Cyprian sì ní kí ìjọ tọ́jú àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́ pẹ̀lú. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun kó àwọn onígbàgbọ́ Numidia lẹ́rú, Carthage dá owó sesterce 100,000 láti rà wọ́n padà. Àwọn tó yẹ̀ tí wọ́n ti gbà padà kò ní ṣàìsí lára àwọn tó dá a. Wọ́n bẹ́ Cyprian lórí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 258.

Victor, olùkọ́ èdè

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ Victor, ó yẹ kí a rántí ipò olùkọ́ nínú ìjọ yìí. Tertullian kò fẹ́ kí onígbàgbọ́ ṣe iṣẹ́ tíṣà. Ìtàn àwọn òrìṣà ló kún inú ìwé tí wọ́n ń kọ́ ọmọ, ọdún òrìṣà ni wọ́n ń pa mọ́ nílé ẹ̀kọ́, owó àkọ́kọ́ tí ọmọ bá san sì jẹ́ ti Minerva. Ó gbà kí ọmọ onígbàgbọ́ kọ́ ìwé, nítorí láìmọ̀wé, báwo ni yóò ṣe ka Ìwé Mímọ́? Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kọ́ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ tó tako ara rẹ̀ ni, àwọn onígbàgbọ́ kò sì tẹ̀ lé e. Ní Cirta, Victor ń kọ́ni ní èdè Látìn, ó sì tún jẹ́ òǹkàwé ìjọ. Bàbá rẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ ìlú, sójà ni bàbá bàbá rẹ̀, ìran Moor ni wọ́n, ọmọ Áfíríkà pọ́ńbélé.

Ní oṣù Kejì ọdún 303, Diocletian pàṣẹ pé kí wọ́n wó ilé ìsìn àwọn onígbàgbọ́, kí wọ́n sì sun ìwé wọn. Ní ọjọ́ tí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, Munatius Felix, àwòrò àti alábòójútó ìlú Cirta, kó àwọn ènìyàn rẹ̀ dé. Bíṣọ́ọ̀bù Paulus jókòó síbẹ̀. Ó ní àwọn òǹkàwé ni ìwé wà lọ́wọ́ wọn, kò sì fẹ́ tọ́ka ilé wọn, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé àwọn akọ̀wé ìlú mọ̀ wọ́n. Àwọn agbẹ́sàréè ìjọ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àkọsílẹ̀ dárúkọ wọn. Silvanus, igbákejì díákónì, gbé àpótí fàdákà kékeré kan àti àtùpà fàdákà kan jáde, ó ní ẹ̀yìn ìkòkò lòun ti rí wọn. Akọ̀wé kan sọ fún un pé ká ní kò rí wọn ni, òkú ni ì bá jẹ́. Wọ́n wọ yàrá ìwé, pẹpẹ ìwé òfìfo ni wọ́n bá. Catullinus, igbákejì díákónì mìíràn, gbé ìwé ńlá kan ṣoṣo wá.

Felix ní kí òun àti Marcuclius sọ ibi tí àwọn òǹkàwé ń gbé. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀. Ó ní kí wọ́n dárúkọ wọn nígbà náà. Wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ kọ́ làwọn, àwọn rèé, kí ó ní kí wọ́n pa àwọn. Ó ní kí wọ́n mú wọn. Kò sí ohun mìíràn tí a gbọ́ nípa àwọn ọkùnrin méjì yìí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń lọ láti ilé dé ilé. Eugenius mú ìwé mẹ́rin wá. Felix, oníṣẹ́ ọnà ilẹ̀, mú márùn-ún wá. Victorinus mú mẹ́jọ, Projectus mú ńlá márùn-ún àti kékeré méjì. Wọ́n dé ilé Victor olùkọ́. Ó mú ìwé méjì wá àti ìdìpọ̀ abala mẹ́rin. Alábòójútó ní ó ní jù bẹ́ẹ̀ lọ. Victor ní bí òun bá ní jù bẹ́ẹ̀, òun ì bá ti mú un wá. Ní ilé Coddeo, ìyàwó rẹ̀ ló kó ìwé mẹ́fà jáde.

Àwọn òǹkàwé yìí kò rúbọ. Wọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìwé ni wọ́n fi sílẹ̀, kí ilé wọn lè dúró. Ṣùgbọ́n rántí àpótí Speratus: àwọn ènìyàn wọn ti kú tìwé-tìwé. Láti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún ẹni tó fi nǹkan léni lọ́wọ́ ni wọ́n ti rí orúkọ tí wọ́n fi ń pe irú wọn, traditor, orúkọ yìí sì pín Áfíríkà sí méjì. Nígbà tí inúnibíni dáwọ́ dúró, apá kan ní bíṣọ́ọ̀bù tó bá ti fi ìwé sílẹ̀, tàbí tí irú wọn bá gbé ọwọ́ lé lórí, kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, ìrìbọmi rẹ̀ kì í ṣe ìrìbọmi. Àwọn yìí ni wọ́n wá ń pè ní ọmọ ẹ̀yìn Donatus. Ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ ni wọ́n fi jà, wọ́n sì tún ń jiyàn rẹ̀ ní Carthage ní ọdún 411 níwájú Augustine. Ẹ̀gbin ibẹ̀ ni pé Silvanus tó gbé àtùpà jáde ló di bíṣọ́ọ̀bù Cirta, apá àwọn tó ń pe àwọn ẹlòmíràn ní ọ̀dàlẹ̀ ló sì wà.

Ní ọdún 320, Nundinarius, díákónì tó bá Silvanus jà, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Zenophilus, gómìnà Numidia. Àwọn agbẹ́sàréè jẹ́rìí nípa bí Silvanus ṣe dé ipò. Ọ̀rọ̀ owó jáde pẹ̀lú: Lucilla, obìnrin olówó kan ní Carthage, ti fi owó rẹpẹtẹ sílẹ̀, àwọn bíṣọ́ọ̀bù pín in láàárín ara wọn, àwọn ẹlẹ́rìí sì ní kò sí tálákà kan tó rí nínú rẹ̀ gbà. Ìlú yìí kan náà ni wọ́n ti bá bàtà obìnrin 47 ní ọdún 17 ṣáájú.

Wọ́n pe Victor. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ iṣẹ́ rẹ̀, pé olùkọ́ èdè Látìn lòun. Ó kọ́kọ́ ní òun kò mọ ohunkóhun nípa ìjà náà, pé nígbà inúnibíni, òun ti sá lọ sórí òkè. Nundinarius ní kí wọ́n ka àkọsílẹ̀ ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún ọdún 303 sí i létí. Wọ́n kà á: ife, àtùpà, ẹ̀wù, bàtà, orúkọ àwọn òǹkàwé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi kan orúkọ tirẹ̀, ìwé méjì àti abala mẹ́rin. Nígbà àkọ́kọ́, òṣìṣẹ́ ọba tó fẹ́ sun ìwé ló ń bi í pé èyí tó kù ńkọ́. Ní báyìí, lábẹ́ Constantine tó gba àwọn onígbàgbọ́ láyè, díákónì ìjọ ara rẹ̀ ló ń bi í pé kí ló dé tó fi wọ́n sílẹ̀, gómìnà sì ń kìlọ̀ fún un pé kí ó sọ òótọ́ kí wọ́n má bàa fi ọwọ́ líle mú un.